Píjó tí Bàbá fi sílẹ̀

Bọ̀dá Láníyì mi,

Ẹ kú òtútù ibẹ̀ o. Mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Àlàáfíà la wà ní Bwari; ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi ti wálẹ̀ díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Píjó Bàbá ni mo fẹ́ sọ. Látìgbà tẹ́ ẹ ti ní kí wọ́n fi káàmù ọkọ̀ ìje, irin tó ń darí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń mí, sínú rẹ̀, kò lágbára mọ́ tó bá ń yí jẹ́jẹ́. Saeed, mẹkáníìkì wa ní Apo, bá mi dá ti tẹ́lẹ̀ padà. Ló bá ń gun òkè wọ́ọ́rọ́wọ́, ohùn rẹ̀ bíi ti ìgbà tí Bàbá wà láyé gẹ́lẹ́. Bí Màámi ṣe gbọ́ ọ báyìí, wọ́n dìde, wọ́n bu oúnjẹ Bàbá sórí tábìlì. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bù ú.

Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí Saeed yọ ẹ́ńjìnnì náà, kó fi káàmù tiyín sí i padà. Nírọ̀lẹ́ àná, a gbọ́ Píjó tó ń gun òkè bọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu géètì.

Màámi rẹ́rìn-ín. "Iredélé, lọ ṣílẹ̀kùn fún bàbá ẹ."

Mo pe Saeed. Ó ní ẹ́ńjìnnì wà nílẹ̀ níwájú òun.

Mi ò ṣí i. Ẹ bá wa gbàdúrà, Olúwa á ṣọ́ ẹ̀yin náà. Àmọ́ ẹ tètè wálé: láàárọ̀ yìí, Màámi ní kí n kó kọ́kọ́rọ́ géètì fún àwọn.

Àbúrò yín,
Iredélé