Káráfáànù Nọ́ńbà Kẹrìnlá: Ìtàn Ìgbésí Ayé Bàbá Wa, Pẹ́ńtà Ọkọ̀

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1949 ni a bí bàbá wa, nínú káráfáànù kan tí ó wà lẹ́bàá ọ̀nà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là. Ilé onípáànù kékeré ni káráfáànù náà, ó jókòó lórí táyà méjì, ọkọ̀ ńlá sì ń fà á láti ibùdó kan dé òmíràn. Ilé iṣẹ́ tí ń la ọ̀nà ló ni ín. Nọ́ńbà kẹrìnlá ni. Bàbá tó bí olóògbé ń wa gírédà, ẹ̀rọ tí ń tẹ́ ilẹ̀ ọ̀nà, fún ilé iṣẹ́ náà, ìyá wọn sì ń rán aṣọ iṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọkùnrin méjì péré ni àwọn òbí yìí bí, olóògbé sì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n wọn, tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Káfíńtà, jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà. Wọ́n sọ fún wa pé ìta ni a lé àwọn sí ní ọjọ́ náà, pé orí táyà ni àwọn jókòó sí títí àwọn fi gbọ́ igbe ọmọ.

Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́ta ni olóògbé lọ, nítorí pé ọ̀nà ń gùn, ibùdó sì ń ṣí tẹ̀ lé e. Ní ọdún 1958, ọ̀nà parí. Ilé iṣẹ́ kó ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n sì fi káráfáànù náà sílẹ̀ fún bàbá olóògbé. Bàbá yìí kọ́ ilé oníyàrá méjì sí iwájú rẹ̀. Káráfáànù wá di ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá wọn. Olóògbé parí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1962. Wọn kò tẹ̀ síwájú.

Ní ọdún 1964, olóògbé wọṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá pẹ́ńtà kan tí ń kun ọkọ̀. Ní ọdún kìíní, ọ̀gá náà kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ọ̀dà. Sáńpépà tí a fi ń ha ara ọkọ̀ nìkan ni wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n gba òmìnira ní ọdún 1970, wọ́n sì dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní ọdún 1973. Wọn kì í po àwọ̀ lábẹ́ iná mànàmáná. Ojúmọmọ nìkan ni wọ́n ń pò ó, níta gbangba, kí iná má baà tan ojú jẹ. Àwọn ọmọṣẹ́ sọ wọ́n ní Tún-un-ha, nítorí pé ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n máa ń sọ bí ẹnikẹ́ni bá mú iṣẹ́ wá fún wọn wò. Ọkọ̀ akérò, ọkọ̀ àwọn aláìsàn, kẹ̀kẹ́, bẹ́ńṣì: gbogbo rẹ̀ ni wọ́n kùn. A kò gbọ́ pé ọ̀dà tí wọ́n kùn bó rí láàrin ọdún mẹ́wàá.

Ní ọdún 1977, olóògbé fẹ́ ìyá wa, tí ó jẹ́ olùkọ́. Ìyá wa ló gbé kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù pé kí a kùn ún. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n padà wá, tí wọ́n ń sọ pé, “Àwọ̀ tí mo ní kí ẹ kùn kọ́ nìyí.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni olóògbé tún un kùn. Ìdánilójú ìyá wa ni pé olóògbé mọ̀ọ́mọ̀ ni. Olóògbé kò jẹ́wọ́ títí ọjọ́ ikú wọn. Ọmọ mẹ́rin ni ìgbéyàwó náà so.

Olóògbé gba ìgbàgbọ́ ní ìgbà èwe, wọn kò sì fi ariwo ṣe é. Wọ́n jẹ́ adarí ìjókòó nínú ìjọ fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Fún àdúgbò, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n máa ń kun ìlà funfun sí ojú ọ̀nà níwájú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé, kí ọkọ̀ lè dúró. Kò sí ẹni tí ó rán wọn níṣẹ́ náà.

Ìyá olóògbé kú ní ọdún 2004. Ìdílé rò pé kí a fo ohun tí ó tẹ̀ lé e nínú ìwé yìí. Bàbá Káfíńtà kò gbà. Wọ́n ní, “Ẹ kọ ọ́. Bí ẹ bá fò ó, àwọn tó mọ̀ wá á rò pé irọ́ ni ìyókù.” Nítorí náà, a kọ ọ́.

Ní ọdún 2005, nígbà tí olóògbé lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Bàbá Káfíńtà fi káráfáànù náà ta olùṣọ́ ilé ìlagi kan lọ́rẹ, kí ó lè máa sùn sínú rẹ̀. Nínú ọgbà ilé ìlagi yìí ni Bàbá Káfíńtà fúnra wọn ń ṣiṣẹ́. Olóògbé dé, wọ́n bá koríko tí ó ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ níbi tí káráfáànù wà. Bàbá Káfíńtà ṣàlàyé pé ìyá àwọn ló sọ ọ́ kí ó tó kú, pé òun kò fẹ́ kí káráfáànù jẹrà lójú ilé, pé kí a fi fún ẹni tí yóò gbé inú rẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Olóògbé kò gbà á gbọ́. Wọ́n ń sọ kiri pé ẹ̀gbọ́n àwọn ju ilé tí a bí àwọn sí sínú òjò.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni wọn kò fi bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ìjọ kan náà ni àwọn méjèèjì ń lọ. Gẹ́gẹ́ bí adarí ìjókòó, olóògbé máa ń fi ọwọ́ júwe àga fún ẹ̀gbọ́n wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, Bàbá Káfíńtà a sì jókòó síbẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé ìlagi náà kógbá sílé, olùṣọ́ sì lọ. Ẹni tí ó ra ilẹ̀ náà fẹ́ kí a kó gbogbo ohun tí ó wà lórí rẹ̀ kúrò. Olóògbé, tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀bù lé ọmọ wọn obìnrin kejì lọ́wọ́ láti ọdún 2016, mú ọkọ̀ lọ, wọ́n sì fa káráfáànù náà wá sí àgbàlá wa. Wọ́n ní àwọn yóò tún ara rẹ̀ ṣe, àwọn yóò sì kùn ún bí ó ṣe wà ní ọjọ́ tí a bí àwọn.

Wọ́n kọ́kọ́ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ha ibì kan tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ní ìpele ìpele, títí wọ́n fi kan páànù. Ọ̀dà márùn-ún ló wà lórí ara wọn: funfun, pupa, funfun mìíràn, eérú, àti àwọ̀ ewé ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Nọ́ńbà kẹrìnlá fara hàn lórí àwọ̀ ewé náà. Nígbà tí èyí dájú, wọ́n yọ rọ́bà ojú fèrèsé, wọ́n tú súkúrúù, wọ́n sì to àwọn súkúrúù náà sínú agolo, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú agolo tirẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n ká páànù ẹ̀gbẹ́ òsì kúrò láti wo igi tí ó dì í mú nínú. Wọ́n rò pé igi jíjẹrà ni àwọn yóò bá.

Igi náà gbẹ. Ibi mẹ́rin ni ẹnìkan ti gé èyí tí ó bàjẹ́ kúrò, tí ó sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Olóògbé fi ọwọ́ pa oríkèé igi náà, wọ́n sì pe ọmọ wọn.

“Wá wo nǹkan. Káfíńtà gidi ló ṣe èyí. Wò ó, kò sí ìṣó kankan níbẹ̀. Ẹni yìí mọ iṣẹ́.”

Ọmọ wọn tan iná wò ó. Èèkàn igi méjì ló di oríkèé kọ̀ọ̀kan mú, wọ́n dagun sí ara wọn. Tábìlì tí a fi ń jẹun nínú ilé wa ní irú rẹ̀. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni, Bàbá Káfíńtà ló sì kàn án. A kò rí káfíńtà mìíràn tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà tún rí i pé a fi pẹ́ńsùlù kọ déètì sí ẹ̀yìn igi tuntun kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe Bàbá Káfíńtà: 2006, 2009, 2013, 2018.

“Bàbá, ẹ wò ó, ọwọ́ ìkọ̀wé ta ni èyí?”

Olóògbé kà á. Wọ́n dojú bákẹ́ẹ̀tì kan dé, wọ́n jókòó lé e. Wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ ní ọjọ́ náà, wọn kò sì jẹ́ kí a dá páànù padà. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ẹ̀gbẹ́ òsì fi wà ní ìhòòhò lábẹ́ tapólì. Ní ọjọ́ kẹjọ, wọ́n rán ọmọ wọn sí Bàbá Káfíńtà pé igi kan wà ní àgbàlá àwọn tí ó ń fẹ́ káfíńtà.

Bàbá Káfíńtà béèrè pé, “Òun ló rán ẹ?”

“Àwọn ni, sà.”

“Ó fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ mi?”

“Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá àwọn.”

Bàbá Káfíńtà wọ bàtà. Nígbà tí wọ́n dé, olóògbé fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Bàbá Káfíńtà di èjìká wọn mú.

“Dúró jàre. Bí o bá lọ sílẹ̀ báyìí, ta ni yóò gbé ẹ dìde? Èmi?”

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Ta ni ǹ bá sọ fún? Ìwọ tí o máa ń yà sí kọ̀rọ̀ bí o bá ti rí kẹ̀kẹ́ mi?”

“Mo sọ fún gbogbo ayé pé ẹ jù ú sójò.”

“Mo gbọ́. Àwọn oníbàárà mi ló ń jábọ̀ fún mi.”

“Ọdún mẹ́rìndínlógún, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“Mo mọ̀ ọ́n kà. Mo kọ ọ́ sára igi.”

Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ló ń ṣe é. Bàbá Káfíńtà pààrọ̀ igi ìsàlẹ̀ tí ó kù. Olóògbé kọ̀ láti fi ẹ̀rọ fín ọ̀dà. Wọ́n ní búrọ́ọ̀ṣì ni a fi kùn ún ní àkọ́kọ́, búrọ́ọ̀ṣì ni a ó sì tún lò. Ní oṣù kìíní ọdún 2022, dókítà sọ pé ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́, pé kí wọ́n má ṣe sún mọ́ eruku mọ́. Wọ́n gbé sáńpépà fún ọmọ wọn, wọ́n ní kí ó máa rẹ ẹ́ sínú omi kí ó tó fi ha nǹkan. Àwọn fúnra wọn jókòó sórí àga, wọ́n ń tọ́ka. Iṣẹ́ wá falẹ̀. A kun ọ̀dà ìpìlẹ̀ tí ń di páànù mú, a dí ihò, a ha á, a tún un kùn. Iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ òsì parí ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Nígbà náà, olóògbé kò lè dá dìde mọ́. Wọ́n ń béèrè ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lójoojúmọ́, dókítà sì ti sọ fún wa pé ọ̀ràn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ, a gbé àga olóògbé sí iwájú ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí wọ́n lè wo bí a ó ti kun ọ̀dà ìkẹyìn. Bàbá Káfíńtà na ọwọ́ pé kí a fún àwọn ní búrọ́ọ̀ṣì.

Olóògbé ní, “Ẹ ò kun nǹkan rí láyé yín.”

“Mo ti ń fi búrọ́ọ̀ṣì pa gọ́ọ̀mù sí igi kí o tó mọ ọ̀dà. Gbé e wá.”

Bàbá Káfíńtà ri búrọ́ọ̀ṣì náà dé ọrùn. Wọ́n kùn ún láti ọwọ́ òkè wá, kíákíá, bí ẹni tí ń fọ ògiri. Kí wọ́n tó dé ìdajì, ọ̀dà ti ń ṣàn wálẹ̀ ní ibi mẹ́ta. Ọmọ olóògbé mú àkísà láti nù ún kí ó tó gbẹ.

Olóògbé ní, “Fi sílẹ̀.”

“Ó ń ṣàn, Bàbá.”

“Mo rí i. Fi sílẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ máa kùn ún lọ.”

Bàbá Káfíńtà kùn ún dé ìsàlẹ̀. Olóògbé wò ó títí ó fi parí, wọ́n sì ní kí a máa gbé àwọn wọlé. Wọ́n kú ní ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ní ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin.

Àwọn tí olóògbé fi sílẹ̀ ni ìyàwó wọn, ọmọbìnrin mẹ́ta, tí ọ̀kan jẹ́ nọ́ọ̀sì, tí ọ̀kan jẹ́ pẹ́ńtà, tí ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì, ọmọkùnrin kan tí ń kọ́ni ní ìṣirò, ọmọ-ọmọ méje, àti ẹ̀gbọ́n wọn kan ṣoṣo, Bàbá Káfíńtà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Bí ẹ bá ń wọ àgbàlá wa lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún káráfáànù ni ẹ ó kọ́kọ́ rí. Àwọn pẹ́ńtà tí ó wà láàrin yín yóò rí ibi tí ọ̀dà ti ṣàn. A mọ̀. A kò ní tún un kùn.

Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ sùn re, níbi tí òjò kì í dé.