Àwọn Fáìlì tí Ẹ̀gbọ́n Délé Fi Sílẹ̀

Bàbá mi, ọ̀gá àwọn mẹkáníìkì Ìkìrun,

Ẹ kú ìsinmi o. Mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ó sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́ta. Màmá ní kí n fi yín sílẹ̀, wọ́n ní òkú kì í dáhùn ìbéèrè. Ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ ọmọ yín. Bí nǹkan bá ti wọ̀ mí lórí, àfi kí n tú u wò.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: kí ló dé tí ẹ máa ń ta tapólì bo ọkọ̀ nígbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ tò táímìnì ẹ́ńjìnì? Brọ̀dá Wàsíù bá yín ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọ́n ti gba fírídọ̀mù, wọ́n ti gbéyàwó, wọ́n ti bímọ méjì, síbẹ̀ bó bá ti kan ibẹ̀ yẹn, ẹ ó ní kí wọ́n lọ ra ọṣẹ wá. Ọṣẹ wà nílẹ̀ o! Èmi ni mò ń kó wọn jọ sábẹ́ tábìlì, wọ́n ti di òkìtì. Kí wọ́n tó dé, ẹ ti ká tapólì, ẹ́ńjìnì ti ń dún jẹ́ẹ́, ẹ ó sì máa fi àkísà nu ọwọ́ bí ẹni tí ò ṣe nǹkan kan. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Nígbà tí ẹ wà láyé, ẹ máa ń bi mí lórí fóònù pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe ní Dubai, mo sì máa ń fi kánjúkánjú sọ pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni. Ó yẹ kí n ti ṣàlàyé dáadáa. Ẹ dárí jì mí, ẹ jẹ́ kí n ṣe é báyìí. Iléeṣẹ́ wa ló kọ ètò tó ń pín bọ́ọ̀sì fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn síkíọ́rítì, àwọn tó ń gbálẹ̀ mọ́ọ̀lù, àwọn bíríkìlà, ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé ní Muhaisnah, àdúgbò àwọn òṣìṣẹ́, mẹ́jọ mẹ́jọ nínú yàrá kan. Láràárọ̀, ètò yẹn ló ń sọ fún dírẹ́bà pé àwọn wo ni kó gbé, ibo ni kó já wọn sí. A kì í kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ ní odidi kan ṣoṣo. A máa ń gé e sí apá kọ̀ọ̀kan tí à ń pè ní mọ́júùlù. Ọ̀kan á máa tọ́jú orúkọ èèyàn, òmíràn á máa tọ́jú ojú ọ̀nà, òmíràn á máa ka aago. Ó dà bí ẹ ṣe máa ń kó nọ́ọ̀tì bíréèkì sínú agolo tirẹ̀, tí ẹ kó ti kabúrétọ̀ sínú agolo tirẹ̀, tí ẹ ó sì bú ìyá ẹni tó bá dà wọ́n pọ̀.

Ẹni tó kọ èyí tó pọ̀ jù nínú ètò náà ni Ẹ̀gbọ́n Délé, ọmọ Ìjẹ̀bú, àwọn ló mú mi wọ iléeṣẹ́ yẹn. Ẹ̀gbọ́n yìí, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ gbogbo àlàyé tí wọ́n ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù. Wọ́n sọ mọ́júùlù tó kọ́kọ́ ń jí láàárọ̀ ní Ìyálé. Èyí tó tẹ̀ lé e ń jẹ́ Ìyàwó. Wọ́n ní fáìlì ńlá kan tí wọ́n pè ní Ẹrù, ibẹ̀ ni wọ́n ń da gbogbo ohun tí kò ríbi gbé sí. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ máa rẹ́rìn-ín lẹ́nu iṣẹ́ ni. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ó dùn mọ́ mi láti rí èdè wa láàárín gbogbo kóòdù yẹn.

Nígbà tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé, ẹ̀rín yẹn dáwọ́ dúró. Àwọn ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ dúró gbagidi. Àwọn èèyàn ń pa mọ́tò wọn tì ní pápákọ̀ òfúrufú, wọ́n ń sá lọ sílé. Àwa mọ́kànlá tó ń kọ kóòdù ku mẹ́ta, lẹ́yìn náà a ku méjì. Ẹ̀gbọ́n Délé wà lára àwọn tí wọ́n fún ní ọgbọ̀n ọjọ́ kí wọ́n fi kúrò nílùú. Àwa méjì tó kù ni èmi àti Binu, ọmọ Kerala ní Íńdíà. Binu mọ iṣẹ́ jù mí lọ, n ò ní purọ́ fún yín. Ọ̀gá wa fúnra rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé pé ohun tó jẹ́ kí òun dá mi dúró ni pé èmi nìkan ni mo lè ka ohun tí Délé kọ.

Mo dúpẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún inú ètò náà tò bí ẹni ń tún ilé ṣe. Àṣìṣe mi nìyẹn. Nínú Ẹrù, mo rí fáìlì kékeré kan tí Ẹ̀gbọ́n Délé kọ sórí rẹ̀ pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, orí ẹ̀ ló máa fi gbà á. Mo ní àwàdà Ìjẹ̀bú nìyí. Mo wò ó títí, n ò rí mọ́júùlù kankan tó ń lò ó. Mo pa á rẹ́. Bàbá, ọmọ Yorùbá tó ka èèwọ̀ tán tó tún rẹ́rìn-ín sí i, kí lẹ fẹ́ sọ fún un?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bọ́ọ̀sì mẹ́ta ò dé Muhaisnah. Àwọn èèyàn dúró sójú ọ̀nà títí oòrùn fi mú. Àwọn síkíọ́rítì tó ṣiṣẹ́ mọ́jú ò rí ẹni gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Brọ̀dá Akeem, síkíọ́rítì ará Ẹdẹ tí mo mọ̀ níbí, wà lẹ́nu géètì kan lórí ìdúró láti àṣálẹ́ títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Wọ́n pè mí: “Àbúrò, ẹsẹ̀ mi ti wú bí ìkòkò o. Ṣé ẹ̀rọ yín yìí fẹ́ pa mí ni?” Mo ń ní ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú, léraléra. N ò sọ pé ọwọ́ mi ló fà á.

Mo dá fáìlì náà padà, mo sì jókòó tì í. Áà, Bàbá, mo gbádùn ara mi! Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rí? Ìyálé ń dúró de Ìyàwó kí ó fún un ní orúkọ àwọn tó ń gbaṣẹ́ láàárọ̀. Ìyàwó náà ń dúró de Ìyálé kí ó sọ aago fún un. Àwọn méjèèjì dúró sẹ́nu ọ̀nà, ìwọ kọ́kọ́ wọlé, rárá, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ wọlé, kò sẹ́ni tó máa wọlé títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Fáìlì kékeré yẹn ló wà láàárín wọn tó ń parọ́ fún wọn. Ó ń sọ fún Ìyálé pé Ìyàwó ti dé, ó ń sọ fún Ìyàwó pé Ìyálé ti dé. Ìgbà tí iṣẹ́ alẹ́ bá ń yípadà sí ti àárọ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí n ò fi rí i. Mo pariwo nídìí kọ̀ǹpútà, mo ní Ìjẹ̀bú, orí yín pé! Binu rò pé àkekèé ló ta mí.

Àtúnṣe rẹ̀ ò le. Mo yọ ohun tí àwọn méjèèjì ń wá lọ́wọ́ ara wọn, mo kó o sí mọ́júùlù ọ̀tọ̀ tí kò gbára lé ẹnikẹ́ni. Ìyálé lè lọ bá a, Ìyàwó lè lọ bá a, kò sí pé ẹnì kan ń dúró de ẹnì kan mọ́. Lẹ́yìn náà ni mo tú Ẹrù palẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Ó ku ohun kan ṣoṣo, kí n tú gbogbo àlàyé sí Gẹ̀ẹ́sì kí ẹlòmíràn lè rí i kà.

Ibẹ̀ ni mo ti dáwọ́ dúró. Bí mo bá tú u tán, kí ni Ọ̀gá tún fẹ́ fi mí ṣe? Mo wá ń ronú pé bóyá Ẹ̀gbọ́n Délé ò fi Yorùbá rẹ́rìn-ín rárá, bóyá tapólì tiwọn nìyẹn. Mo tú u tán lóòótọ́, àmọ́ mo fi pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ara mi. Al Khan ní Sharjah ni mò ń gbé, Al Majaz nítòsí ibẹ̀ ni Binu àti ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọbìnrin wọn méjì ń gbé, nítorí náà ọkọ̀ rẹ̀ la jọ ń bá lọ sí Dubai láàárọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń bi mí pé báwo ni iṣẹ́ ìtumọ̀, ojoojúmọ́ ni mò ń purọ́ pé ó ku díẹ̀. Á ní “slowly slowly, sister,” á na dósà, àkàrà pẹlẹbẹ ìrẹsì tí ìyàwó rẹ̀ dì fún mi, sí mi. Mo ń jẹ dósà èèyàn, mo ń purọ́ fún un. Ojú tì mí, mo sì tún ń ṣe é lọ, fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, gosíló mú wa ní ojú ọ̀nà Sharjah. Binu bi mí bóyá òun ṣẹ̀ mí ni. Ó jẹ́ kí n rántí Brọ̀dá Wàsíù. N ò tíì sọ èyí fún yín rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú yín, kí n tó padà sí Dubai, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ́sítọ́mà yín kan, tíṣà tó ni ọkọ̀ Dátísọ̀n funfun yẹn, ń pariwo lé wọn lórí. Brọ̀dá Wàsíù dúró níwájú ẹ́ńjìnì pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, omi ń bọ́ lójú wọn, àgbàlagbà ọkùnrin. Gbogbo nǹkan yòókù ni wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi kan péré tí ẹ fi tapólì bò ni ò yé wọn. Kó tó pé ọdún, ṣọ́ọ̀bù ti kú, àwọn tó ń ta gáàsì ló wà níbẹ̀ báyìí. Inú bí mi sí yín lọ́jọ́ náà, Bàbá, mo sì ń bẹ̀rù láti sọ ọ́ nítorí pé ẹ ti kú.

Mo sọ òótọ́ fún Binu nínú ọkọ̀. Kò bínú, ó kàn ń wo iwájú, ó ní òun náà ì bá ṣe bẹ́ẹ̀. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jókòó tì í, mo ṣí gbogbo rẹ̀ hàn án, títí kan ibi tí Ẹ̀gbọ́n Délé ti bú Ọ̀gá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kejì tí Ọ̀gá pè mí. Kò ṣe é bí òǹrorò. Ó fún mi ní tíì, ó ní iṣẹ́ mi dára, ohun gbogbo ti mọ́ kedere, ẹnì kan sì tó láti bójú tó o báyìí. Khalas, ó parí nìyẹn. Ọgbọ̀n ọjọ́. Binu kọ̀, kò fẹ́ gbé mi lọ sílé lọ́jọ́ yẹn. Bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ṣì í sọ. Kò lè wò mí lójú ni. Nígbà tó di ọjọ́ Jímọ̀, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ìkòkò ìrẹsì wá bá mi ní Al Khan, a jẹun, ẹnikẹ́ni ò dárúkọ iṣẹ́.

Ìdí tí mo fi kọ̀wé lónìí nìyí. Láàárọ̀ àná, Brọ̀dá Akeem pè mí kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bọ́ọ̀sì ò tíì dé. Mo jẹ́wọ́ fún wọn lójú ẹsẹ̀ pé èmi ni mo ba ti àkọ́kọ́ jẹ́, pé n ò mọ ohun tó fa tòní. Wọ́n ní, “Wò ó, mo ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn. O kì í bẹ èèyàn tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Mo wọ bàtà. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé fóònù sórí itan, mò ń dúró kí Binu pè. Mo ti mọ ibi tí màá ní kó kọ́kọ́ wò. Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu. Mo tiẹ̀ ti ń ronú pé bí Ọ̀gá bá rí i pé wọn ò lè ṣe é láìsí mi, bóyá.

Nígbà tó ṣe, Akeem tún pè. Wọ́n ti wà nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn. Binu ti rí i fúnra rẹ̀, kò sì pè mí.

Inú mi dùn, Bàbá. Ó sì dùn mí dé eegun, mo sunkún pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀. Ṣé ohun tí ẹ ń bẹ̀rù nìyẹn? Pé lọ́jọ́ kan wọ́n á ṣí ẹ́ńjìnì, wọ́n á tò ó, á sì dún, kò sì sẹ́ni tó máa ránṣẹ́ pè yín? Bó bá jẹ́ òun ni, mi ò bínú mọ́. Ó ṣẹlẹ̀ sí mi láàárọ̀ àná, mo sì dìde lẹ́yìn rẹ̀, mo bọ́ bàtà, mo se tíì, ebi ń pa mí.

Èmi ni, ọmọbìnrin tí ẹ sọ ní Yétúndé tí ẹ ò sì pè ní ohun mìíràn ju Ìyá mi lọ. Mo fẹ́ràn yín gan-an.