Sí Ìyá Mi Tí Kò Fẹ́ Kúrò Létí Òkun

Ìyá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọdún omi, ẹ kú àìsùn. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láti Sábó Gàrí, ní Kánò níbí. Mo kí àbúrò Bàbá, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí Àdùkẹ́ àbúrò mi tó ń tọ́jú yín. Ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn ni mo gbé lẹ́tà yìí sí. Èyí tí mo kọ lẹ́yìn Àjíǹde, Àdùkẹ́ ní bí òun ṣe kà á dé ibi tí mo ti ní kí ẹ kó kúrò, ẹ ní ó tó, kí òun ká a, kí òun lọ gbọ́n omi àgbàlá dànù. Èyí kò ṣeé ká. Gbogbo Èkó ni yóò bá mi kà á sí yín létí.

Ara mi le, ọmọ yín ò sì rẹlẹ̀. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí n tó wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí Òkè Ọya, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dé ọjà Síńgà lónìí tí ẹ béèrè Baba Tapólì, ẹni tó ń ta máńgòrò gan-an á mú yín dé ẹnu ìsọ̀ mi. Ọkọ̀ ńlá wo ló ń kó àlùbọ́sà lọ sísàlẹ̀ tí kì í ṣe tapólì mi ni wọ́n fi bo ẹrù rẹ̀? Mo kọ́lé sí Sábó Gàrí, mo kọ́ sí Tàráúní, mo sì kọ́ èyí tó dùn mọ́ mi jù sórí òkè ní Ìkòròdú fún ẹ̀yin, pẹ̀lú yàrá tí oòrùn àárọ̀ ń wọ̀. Ẹ ní kí n lọ máa gbé e fúnra mi. Ẹ ní ewúrẹ́ nìkan ló ń gun òkè láìnídìí.

Ìyá mi, ọdún yìí burú. Ọyẹ́ tó yẹ kó ti la ètè wa ní Kérésìmesì, kò dé títí a fi gbàgbé rẹ̀. Ooru ló dé. Tapólì tí mo tò jọ nínú ìsọ̀ lẹ̀ mọ́ra wọn débi pé ọ̀bẹ la fi ń yà wọ́n. Rédíò ní lọ́dọ̀ yín ní Èkó, ooru náà kọjá gbogbo èyí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ rí, pé òjò tó tẹ̀lé e tún kọjá. Mo rò pé wọ́n ń bù mọ́ ọn ni. Mo pe Àdùkẹ́. Ó ní rédíò ò tíì rí nǹkan kan. Ó ní ilé káfíńtà tó wà níwájú wa ti lọ, igi àgbọn tí a ń so okùn aṣọ mọ́ ti lọ, pé tí a bá ṣílẹ̀kùn báyìí, òkun ló kù tó ń wo ojú ẹni.

Níbí, bí ojú ọ̀run bá ṣú, inú gbogbo èèyàn á máa dùn nítorí oko wọn. Alhaji kan wà tó ń ta okùn níwájú ìsọ̀ mi. Á kígbe sí mi pé, Baba Tapólì, ruwa ya zo, òjò ti dé, jáde wá gba oníbàárà! Lọ́jọ́ kan, ó rí mi tí mo di fóònù mú, tí mo ń sá wọ inú ìsọ̀ lọ. Ó ní wallahi, òun ò rí ẹni tí ń sá fún àwo oúnjẹ ara rẹ̀ rí. Mo bá a rẹ́rìn-ín. Àdúrà tí mo ń gbà lọ́kàn ni pé kí òjò yẹn má ṣe jọ ti Èkó. Kí ọjà mi kúkú má tà. Èmi! Látìgbà tí ìyàwó mi ti lọ, n ò rí ẹni bá sọ ẹ̀rù yìí. Àwọn ọmọ ọmọ mi gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn.

Lóṣù kẹfà, òjò rọ̀ láti òkè, òkun ru láti ìsàlẹ̀, omi méjèèjì pàdé nínú ilé wa. Tapólì tó nípọn jù tí mo fi ránṣẹ́ láti bo òrùlé, afẹ́fẹ́ ya á bí ewé ẹ̀kọ. Gbogbo àdúgbò sá lọ sí gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n wá yín, wọn ò rí yín. Nígbà tí Àdùkẹ́ padà, ó bá yín lórí àga nínú ìyẹ̀wù, ẹsẹ̀ yín nínú omi, ọwọ́ yín lórí sàréè Bàbá. Inú ilé la sin ín sí bí a ti ń sin àgbà, a sì fi ààyè tiyín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ààyè yẹn lẹ ń ṣọ́.

Mo pè yín lọ́jọ́ kejì, mo jágbe. Mo ní èmi ni Dáwódù, èmi ni mo láṣẹ ilé. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ẹ wá ní ṣé Dáwódù ló bí yín ni, àbí ẹ̀yin lẹ bí Dáwódù. Ẹ ní obìnrin kì í fi ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú omi kó lọ máa sùn lórí òkè. Ẹ ní ẹni tó bá fẹ́ gbé yín, kó kọ́kọ́ gbé ọkọ yín. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ dá fóònù padà fún Àdùkẹ́.

Ìyá mi, mo ti gba ọ̀rọ̀ yẹn.

Mo fi lọ àbúrò Bàbá. Ó ní èèwọ̀ ni, a kì í hú àgbà tó ti sùn. Mo ní tí òkun bá hú u ńkọ́? Àdùkẹ́ sì ní táìlì orí sàréè ti sán níhà ẹsẹ̀, pé bí òkun bá ti kún, omi iyọ̀ á máa yọ láti abẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, mo ń bọ̀ kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo ti gba bọ́ọ̀sì, mo ti kan pósí tuntun. Ilẹ̀ ti wà ní gbígbẹ́ ní Ìkòròdú, lábẹ́ fèrèsé yàrá yín, kí ẹ lè máa kí i láàárọ̀ bí ẹ ti ń ṣe. Bàbá á wà lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ̀yin á jókòó tì mí níwájú. Èèwọ̀ tó bá wà níbẹ̀, orí èmi ni kó wá.

Ohun kan ni mo ń bẹ̀. Bí òkun bá tún ru kí n tó dé, ẹ dìde lórí àga yẹn, ẹ bá Àdùkẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá ò ní bínú. Ẹni tó ti kú kì í kú mọ́. Ẹ̀yin ló kù fún mi.

Ọlọ́run á dá yín sí. Ẹ ó fi ọwọ́ ara yín súre fún ọmọ ọmọ ọmọ yín. Mo kí tẹbí tará, mo kí gbogbo ẹni tí ìyá rẹ̀ ń gbé létí omi. Kí òkun má bá yín nílé.

Èmi ni ọmọ yín,
Dáwódù, Baba Tapólì ti Kánò.