Akọ̀wé Ìlú Tó Fọwọ́ sí Ìwé Corinne àti Nell

Alden, ọkọ mi, ọdún márùn-ún rèé tí o ti lọ. Oṣù kẹta lo kú, yìnyín ò sì jẹ́ ká ríbi gbẹ́lẹ̀ sin ọ́ títí di oṣù karùn-ún. Ìwọ tí o kórìíra kí èèyàn máa dúró de nǹkan!

Abà tí a ti ń se omi dídùn inú igi títí á fi ki bí oyin ṣì ń rú èéfín. Dorcas ọmọ rẹ ló ń dáná ibẹ̀ báyìí. Ó máa ń jẹ́ kó jóná nígbà mìíràn, bíi tìrẹ. Òrùlé tí o pa tì, a ti parí ẹ̀.

Corinne àti Nell ṣì wà pẹ̀lú àgùntàn wọn. Ìwọ lo fọwọ́ sí ìwé wọn nígbà tí òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà kí obìnrin méjì forúkọ sílẹ̀ pé àwọn jọ ń gbé bíi tọkọtaya. O tún ní ìyẹn ò tó, ìgbéyàwó gan-an ni kí ìjọba máa pè é. Akọ̀wé ìlú lásán-làsàn! Ta ló bi ọ́?

Nígbà tí ìpàdé ọdún ìlú dé, wọ́n ní kí àwọn tí kò fẹ́ ọ nípò mọ́ dìde dúró, kí wọ́n lè kà wọ́n. Royce, àbúrò rẹ, ló kọ́kọ́ dìde. O wò ó, o ní, "Royce, ọjọ́ tí mo kọ ìwé ìgbéyàwó tìẹ, ṣé mo bi ẹ́ pé kí lo rí lára Gladys?" Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n rẹ́rìn-ín tán, wọ́n gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa jókòó jẹ ẹ̀wà pọ̀, torí oúnjẹ ìpàdé kì í ṣòfò nílùú wa.

Iṣẹ́ yẹn ò dùn ọ́ tó ti Royce. Ọdọọdún lò ń retí rẹ̀ ní abà. Kò wá. O kú, kò wá síbi ìsìnkú.

Níbi ìpàdé ọdún yìí, ó fi ọ̀pá tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ọjọ́ tí mo dìde sí ẹ̀gbọ́n mi, mo ṣàṣìṣe." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Mo lọ bá a níbi tó ti ń bu ẹ̀wà.

"Royce, ìlú kọ́ lo ṣẹ̀. Lọ sọ fún un."

"Verna, òkú kì í gbọ́rọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀, kò ní dá ẹ lóhùn. Kí lò ń bẹ̀rù?"

Ó ti dé, Alden. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí níbi sàréè rẹ yìí, ó ti ṣí fìlà. Ó kàn ń pè ọ́ ni: ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwọ ì bá ti ní ó tó. Èmi ò tíì lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àárò rẹ ń sọ wá, a sì nífẹ̀ẹ́ rẹ, àwa méjèèjì.