Ìró Tí Mo Fi Sílẹ̀

Ìyá mi,

Ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí nìyí: bàtà Mádáàmù ò sí lẹ́nu ọ̀nà mọ́, kọ́kọ́rọ́ ò sí lórí ìṣó, ọmọ rẹ̀ tí mò ń tọ́jú sì ti hu eyín kan nísàlẹ̀. Inú mi dùn gan-an. Oúnjẹ wà níbí, ẹ má dààmú.

Nígbà tí Mádáàmù dé lọ́sàn-án, ó nawọ́ sí ọmọ náà. Ọmọ fojú pamọ́ sí mi láyà, ó figbe bọnu.

"Ìwọ yìí, ta ló bí ẹ gan-an?" Mádáàmù ń rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló ní kí n má tíì lọ sílé lóṣù yìí, ó di ìgbà tí ọmọ bá rìn. "Tó o bá lọ, ọwọ́ ta ni á ti jẹun?"

Mo ní ó dáa, mà. Ó tún jáde. Mo gbọ́ bó ṣe fi kọ́kọ́rọ́ ti ilẹ̀kùn láti ìta.

Oṣù méje ni ọmọ yìí. Ọmọ tèmi ti pé mẹ́sàn-án, á ti rìn kí n tó dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ ìró tí mo fi sílẹ̀. Ẹ máa fi bò ó tó bá fẹ́ sùn, kí òórùn mi má baà ṣàjèjì sí i. Tó bá sì ń pè yín ní màmá, ẹ dá a lóhùn.

Ẹ bá mi kí bàbá àti gbogbo ará ilé. Ara mi le. Aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóru àná ni ọmọ yìí tó sùn, tí mo fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀.