Nítorí Àyè Kan Nínú Ọkọ̀ Ọdẹ Tó Ń Lọ sí Kàǹjì

                                        Ọ́fíìsì Ọ̀gá Gbogbo Ẹranko,
                                        Etí Adágún Kàǹjì,
                                        Òkè Ọya.
                                        Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kejì, 1988.

Mùíbì ọmọ Adéyẹmọ, ẹni tó jẹ́ ọ̀wọ́n títí di ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá,

Èmi, Ọ̀gá tí ń ṣàkóso erinmi, ẹfọ̀n àti àgbọ̀nrín, tí ọ̀bọ jẹ́ akọ̀wé rẹ̀, tí ẹkùn ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí sí ọ. Má gbọ̀n. Jókòó kí o kà á.

Ṣé dáadáa ni o wà ní Ẹ̀jìgbò? Ìyá àgbà tí ò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ńkọ́? Orúnkún wọn ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí wọ́n kúnlẹ̀ kírun? Rùkáyátù àbúrò rẹ ńkọ́, ṣé ibà ti fi í sílẹ̀? Ilé ìwé ńkọ́? Ẹnu rẹ náà ńkọ́, ṣé kò tíì rẹ̀ ẹ́ láti ìgbà tí o ti ń fi í ta ọ̀rẹ́?

Wọ́n ní àwọn ọdẹ Ìsúndúnrìn ń bọ̀ ní ìlú mi ní Ọjọ́bọ̀. Gbogbo ètò wọn ni mo gbọ́. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù tí bàbá rẹ gbé dé láti Abijáǹ ni wọ́n máa wọ̀. Olúọdẹ Àyànníyì ti gba ìwé àṣẹ. Gaàrí wà, elùbọ́ wà, iyọ̀ wà tí wọ́n máa fi pa ẹran lára kó má bàa rà. Ẹ̀ẹ̀rùn yìí ti gbẹ omi inú igbó tán, etí adágún ni gbogbo ẹranko ti ń mumi, ìgbà ọdẹ nìyẹn. Àwọn àgbà kún inú ọkọ̀, ó ku àyè ọmọdé kan ṣoṣo. Ta ni kò mọ ẹni tó ni àyè náà? Mùstàfá ni! Ọmọ náà kò mọ̀wé púpọ̀, àmọ́ bó bá fọwọ́ di imú, tó ké bí ọmọ ẹtu tí ń wá ìyá rẹ̀, ẹtu á jáde wá bá a. Olúọdẹ fúnra wọn ló kọ́ ọ. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń ké e nínú oko ẹ̀gẹ́ títí ọ̀fun rẹ̀ fi bó.

Ìwọ bá tilé ìwé dé lọ́jọ́ Ẹtì. Nígbà tó di ọjọ́ Àbámẹ́ta, àwọn ọdẹ pé jọ sí ilé Olúọdẹ. O mọ̀ pé kí wọ́n tó pín ẹ̀tù ìbọn fún ìrìn jíjìn, Olúọdẹ á béèrè pé, "Ta ló ní ẹnì kan sínú?" Ẹni méjì tó ń bínú síra wọn kì í gbé ìbọn wọ igbó kan náà. Wọ́n á pín obì jẹ ná, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á dúró sílé. Ọdọọdún ni gbogbo ènìyàn ń dákẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá rẹ nawọ́.

"Mo ní ẹnì kan sínú. Mùstàfá yìí ni."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àwàdà ni. Olúọdẹ ní, "Adéyẹmọ, ìwọ àti ọmọ ọlọ́mọ?"

"Ó ń sín mi jẹ kiri ìlú, bàbá. Bí mo ṣe sá fún túùkú ló ń ṣe fún àwọn ọmọge wò nídìí kànga. Mùíbì ọmọ mi ló sọ fún mi."

Olúọdẹ gbé obì sílẹ̀. Bàbá rẹ kò fọwọ́ kàn án.

Mùíbì! Ǹjẹ́ Mùstàfá wà nínú igbó lọ́jọ́ tí túùkú lé bàbá rẹ? Ìwọ lo wà níbẹ̀! Ìwọ lo sáré wá sọ fún Mùstàfá bí ìbọn ṣe bọ́ lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n ṣe gun igi kajú, bí wọ́n ṣe ń fi èdè Faransé Abijáǹ ké pe Ọlọ́run lórí igi pé, "Mọ́n Díyé! Mọ́n Díyé!" Ìwọ lo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é. Ìwọ lo rẹ́rìn-ín títí o fi nà gbalaja, tí o ní kó tún un ṣe. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ta ló wá gba àyè náà báyìí? Ìwọ! Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá ké bí ẹtu, ewúrẹ́ ìyá àgbà gan-an kò ní dá ọ lóhùn!

Kò yẹ kí ọ̀gá ẹranko máa pariwo báyìí. Ẹ jẹ́ n mí ná.

Lánàá, lẹ́yìn tí o ti padà sí Ẹ̀jìgbò, Mùstàfá lọ dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ. Wọ́n ní, "Dìde. Ṣe é kí n rí i." Ó rò pé bí òun bá ṣe é dáadáa, ẹ̀rín á pa wọ́n, ọ̀rọ̀ á tán. Ó sá, ó ju igi tó fi ṣe ìbọn nù, ó gun òpó ìta yín, ó ké Mọ́n Díyé. Ìyá rẹ ṣubú lórí àpótí. Àwọn ará ilé kejì ń gbá ògiri. Bàbá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n dìde, wọ́n gbọn aṣọ wọn, wọ́n ní, "O ṣeun. Ẹni tó mọ̀ mí ṣe tó báyìí, kó dúró sílé, kó máa ṣe mí fún wọn títí n ó fi dé." Wọ́n wọlé. Mo ṣì wà lórí òpó.

Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni. Ta ni ì bá tún jẹ́? Nígbà tí mo délé, ìyá mi ní ẹnu mi ló pa mí. Irọ́ ni. Ẹnu rẹ ni.

O mọ̀ pé mo lè gbẹ̀san. Mo lè fi ohùn Olúọdẹ pe bàbá rẹ lẹ́yìnkùlé, wọn á sì jẹ́. N kò ní ṣe é. Ohun tí mo fẹ́ ni pé, bí o bá dé ní Ọjọ́rú láti wá di ẹrù, kí o dúró níwájú bàbá rẹ, kí o sọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ìtàn túùkú fún ẹni kejì. Bí wọ́n bá fi ẹgba nà ọ́, màá wà níbẹ̀, n kò sì ní rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo obì yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Kí ìyá àgbà fún mi. Kí Rùkáyátù. Ìwọ, n kò kí ọ. Aṣọ mi méjèèjì, ọ̀bẹ mi àti bùláńkẹ́ẹ̀tì mi wà nínú àpò ìrẹsì lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti dì í. N kò tíì tú u.

                                        Èmi tí kì í ṣe tìrẹ títí di Ọjọ́rú,
                                        Mùstàfá ọmọ Wúràọlá,
                                        tí kò ṣàkóso ẹran kankan
                                        ju òbúkọ ìyá rẹ̀ lọ.