Ogún Bó-bá-kán-ńkọ́, Káfíńtà Àkàbà

Èmi, káfíńtà tó ń kan àkàbà, tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bó-bá-kán-ńkọ́, ni mo ṣe ìwé ìhágún yìí. Ọpọlọ mi pé, kò sì sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo yan àbúrò mi télọ̀ ní alámòójútó ogún, nítorí òun nìkan ló máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tán kó tó bínú.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó yẹ kí ẹ mọ irú orí tó pín ogún yìí. Láti kékeré, bí wọ́n bá fi nǹkan tuntun hàn mí, ibi tó ti máa bàjẹ́ ni mo máa ń kọ́kọ́ rí. Bàbá mi ní kí n di awakọ̀. Mo yẹ bíréèkì wò títí àwọn èrò fi sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ. Ìdí àkàbà ni orí yìí ti wá ríṣẹ́ ṣe, nítorí ẹni tó fẹ́ gòkè kì í bínú sí ẹni tó ń bá a bẹ̀rù.

1. Mo fi ilé tí à ń gbé sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Ẹ mọ̀ pé àkàbà kan kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù wa àfi tí gbogbo wa bá jọ gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Ìyá yín ló dá àṣà yìí sílẹ̀, nígbà tí mo ṣì ń fẹ́ ẹ sọ́nà. Mo dúró nísàlẹ̀ àkàbà àkọ́kọ́ tí mo kàn, mò ń ráhùn pé bó bá kán ńkọ́. Òun ti wà lókè. Ó bojú wolẹ̀, ó ní, "Bí kò bá wá kán ńkọ́?" Ni mo bá gùn ún tẹ̀lé e. Mo fẹ́ràn rẹ̀ títí dòní.

2. Ọkọ̀ akẹ́rù di ti àkọ́bí mi ọkùnrin. Ẹnu rẹ̀ lè ta àkàbà fún ẹni tí ilé rẹ̀ kò ní òkè. Ó ti ta ọ̀kan rí láìjẹ́ pé a gùn ún. Oorun dá lójú mi. Àkàbà náà kò kán, ohun tó dùn mí jù nìyẹn.

3. Ajá mi, tó máa ń fẹsẹ̀ kan dán ilẹ̀ wò kó tó jáde, kó máa bá télọ̀ gbé.

4. Ṣọ́ọ̀bù, ayùn, òòlù àti ìfági di ti àbígbẹ̀yìn mi obìnrin. Àkọ́bí á ní orí mi ti dàrú. Àbúrò rẹ̀ yìí kúrò nílé ìwé olùkọ́, ó kúrò nídìí irun dídì, gbogbo yín sì ń pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀rù ikú kò bà mí tó ẹ̀rù pé mo lè lọ kí ọmọ yìí tó ríṣẹ́ tó bá orí rẹ̀ mu. Àfi ìjọ́sí tí a fẹ́ jọ gun àkàbà kan, tó kọ̀ jálẹ̀, tó ní igi kan ń dún. Etí mi kò gbọ́ nǹkan kan. A tú u wò, igi náà ti sán nínú. Ọ̀lẹ kọ́ ni, orí mi ló wà lọ́rùn rẹ̀. Nítorí náà, àkọ́bí kò gbọdọ̀ ta àkàbà tí àbúrò rẹ̀ kò bá tíì gùn.

5. Bí n kò bá wá kú ńkọ́? Kí oníkálukú dá nǹkan mi padà.

Ó ti pẹ́ tí ìwé yìí ti wà nílẹ̀. Mo ń bi ara mi pé bí mo bá ṣì í pín ńkọ́. Láàárọ̀ yìí, ìyá yín fi bírò sí mi lọ́wọ́. Ó wò mí bó ṣe wò mí láti orí àkàbà àkọ́kọ́ yẹn. Mo fọwọ́ sí i.

Bó-bá-kán-ńkọ́
Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èrèlé

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Pẹ́ńtà, oníbàárà mi
Nọ́ọ̀sì ojúlé kejì, tó jókòó lẹ́yìn tí mo ti yẹ àga wò